Bí Ẹ Bá Dé Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ọjọ́ kan péré lẹ fẹ́ lò ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ya fọ́tò o.

Ẹ wá amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye sẹ́fà tí ẹ ó san kí ẹ tó gbéra. Owó tí a kò sọ láàárọ̀, ìjà ló ń dà nírọ̀lẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ yà sí ààfin Honmè, ilé Ọba Toffa tó jọba láti 1874 sí 1908. Òun ló fara mọ́ ààbò Faransé. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà sọ tirẹ̀ tán kí ẹ tó dá ọba lẹ́jọ́.

Mọ́ṣáláṣí Ńlá ni kí ẹ ti pẹ́. Bí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ẹ ó ní ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bùràsíìlì ni. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé àtàwọn ọmọ wọn, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 1894, bá a tan. Ẹ má lọ lásìkò ìrun Jímọ̀, ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé.

Ilé Da Silva, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Àgùdà, náà dára, bí àyè bá wà.

Lọ́jà Ouando, Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kí àwọn ìyá ọlọ́jà, kì í ṣe Faransé. Kí ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó béèrè iye ọjà.