Orúnkún Àtọwọ́dá: Ohun Tó Yẹ Kí Aláìsàn Mọ̀ Kó Tó Kúrò Ní Àbújá

Nígbà tí Bọ́lá Tinúbú, ẹni tó di Ààrẹ Nàìjíríà ní ọdún 2023, padà dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó ṣàlàyé pé orúnkún ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, àti pé eré ìdárayá tó tẹ̀ lé e le púpọ̀. Ìpele yìí gan-an ni kò yẹ kí ẹni tó ń tọrọ físà ìtọ́jú ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Íńdíà ní Àbújá gbàgbé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí làkúrègbé ń bá jà ló nílò ọ̀bẹ. Oògùn, eré ìdárayá àti dídín ara sísanra kù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbìyànjú. Bí ohun tó ń dán tó bo orí egungun bá ti jẹ tán, tí egungun ń ha egungun, dọ́kítà lè gé orí egungun itan àti ti ojúgun díẹ̀, kó fi irin bò wọ́n, kó sì fi ike líle sáàárín wọn. Ìwádìí kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí 82 nínú 100 irú orúnkún bẹ́ẹ̀ ń lò tó ọdún 25.

Ìjọba Íńdíà fi gbèdéke sí iye owó orúnkún àtọwọ́dá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ṣùgbọ́n owó bàálù, ilé gbígbé àti ti ẹbí tó tẹ̀ lé aláìsàn wà lọ́tọ̀. Jíjókòó pẹ́ nínú bàálù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kó sì rìn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, dọ́kítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni kó sọ ọjọ́ ìpadàbọ̀, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú.

Orúnkún tí wọn kò bá tètè máa ká lè gan pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni eré ìdárayá náà ń gbà, ilé ni wọ́n sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ó yẹ kí aláìsàn ti bá dọ́kítà egungun kan sọ̀rọ̀ ní Àbújá kó tó wọ bàálù. Irú wọn wà ní Ilé Ìwòsàn Àpapọ̀ tó wà níbẹ̀, wọ́n sì wà ní Ìgbóbì, l'Ékòó. Èkó náà ni Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ti ṣe iṣẹ́ abẹ egungun itan ní oṣù Keje ọdún 2022.

Kí aláìsàn gba ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti ìwọ̀n irin náà sí; dọ́kítà tó bá tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú yóò béèrè rẹ̀. Bí ibà bá dé, tí ojú ọgbẹ́ ń ṣomi, tí ẹsẹ̀ wú lójijì tàbí tí mímí nira, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ sí ilé ìwòsàn.