Ta Ni Ọ̀gá: Àwa Tàbí Fóònù?

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire ní UNIBEN, ọdún 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Lónìí, ọ̀pọ̀ wa kò lè rìn láti Ekosodin dé kíláàsì láìtẹ̀ ẹ́.

Kí ló mú un ṣòro láti gbé sílẹ̀? Ní 2006, Aza Raskin dá ọgbọ́n kan tí ọ̀rọ̀ fi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ láìlópin lójú ẹ̀rọ. Kò síbi tí a óò dé tí a óò ní ó parí. A kì í sì í mọ ìgbà tí ìròyìn dídùn yóò dé. Bíi tẹ́tẹ́ ni: ìrètí ló ń so wá mọ́ ọn.

Ní 2017, ìwádìí kan láti Yunifásítì Texas ní Austin fi hàn pé àwọn tí fóònù wọn wà ní yàrá mìíràn ṣe dáadáa nínú ìdánwò ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì lọ, bẹ́ẹ̀ fóònù náà kò dún rárá.

Ìwé ni òbí wa ń torí rẹ̀ fowó ránṣẹ́. Bí a bá fẹ́ kàwé lálẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé fóònù sí yàrá ẹlòmíràn fún wákàtí kan. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.