Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìró tí ó Pòórá lẹ́yìn Ìsọdọ̀tun Ètò Linux

Bí kọ̀ǹpútà kò bá dún mọ́ lẹ́yìn tí ẹni tí ó ni ín ti sọ ètò Linux inú rẹ̀ dọ̀tun, gbólóhùn tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni "ó ti bàjẹ́". Gbólóhùn yìí kò sọ ibi tí àbùkù wà. Ó lè sún ènìyàn débi ríra sípíkà tuntun nígbà tí ohunkóhun kò ṣe èyí tí ó wà nílẹ̀.

Ìró ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu jù, kì í ṣe ohùn. Ohùn a máa tọ́ka sí ohun tí ń fọ̀. Ìró kó gbogbo ohun tí etí ń gbọ́ pọ̀. Kí ìró tó dé etí, ó ń gba ipele mẹ́rin kọjá, ó sì yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀:

(i) Olùpín ìró: ó ń gba ìró lọ́wọ́ gbogbo ètò tí ń ṣiṣẹ́, ó sì ń darí rẹ̀. PulseAudio ni ó ń ṣe èyí tẹ́lẹ̀ nínú Fedora àti Ubuntu. PipeWire gba ipò rẹ̀ nínú Fedora 34 ní 2021 àti nínú Ubuntu 22.10 ní 2022.

(ii) Ògbufọ̀ káàdì: apá kókó ètò tí ó gbọ́ èdè káàdì, abẹ́ ALSA ni ó wà. "Awakọ̀" kò yẹ ẹ́, nítorí kò sí ohun tí ó ń wà.

(iii) Káàdì ìró: ẹ̀rọ tí ó ń sọ nọ́ńbà di iná tí sípíkà lè lò.

(iv) Ojú-ìjáde: sípíkà, íápíìsì tàbí HDMI.

Ọ̀dọ̀ káàdì ni ó dára kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ "aplay -l" ń to orúkọ káàdì. Bí kò bá sí ìkankan, káàdì tàbí ògbufọ̀ rẹ̀ ni ọ̀ràn kàn. Kí wọ́n fi kókó ètò ti tẹ́lẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Bí ó bá dún, ara káàdì le, ògbufọ̀ tuntun ni kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí káàdì bá hàn, "alsamixer" ni ó kàn: àmì MM lábẹ́ òpó kan fi hàn pé wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́, títẹ lẹ́tà M ni yóò sì là á. Lẹ́yìn èyí, "wpctl status" yóò fi àmì ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú-ìjáde tí PipeWire yàn. Bí ó bá jẹ́ HDMI ni ó yàn dípò sípíkà, kí wọ́n tún un yàn. Bí àṣẹ náà kò bá rí PipeWire rárá, olùpín ìró ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà, kò yẹ kí olùkọ́ tàbí olùtumọ̀ fi "bàjẹ́" nìkan dúró fún káàdì tí ó kú, ògbufọ̀ tí kò gbédè, olùpín tí kò ṣiṣẹ́ àti òpó tí a pa lẹ́nu mọ́. Àtúnṣe wọn kò papọ̀.