Ẹjọ́ Timothy Evans

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni Timothy Evans, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹgi fún, kò jẹ̀bi?

ÌDÁHÙN: Èmi gbà pé kò jẹ̀bi. Ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1950 ni wọ́n yẹgi fún un ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ikú ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bá òkú rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ nínú ilé tí gbogbo wọn ń gbé. John Christie, ará ìsàlẹ̀ ilé kan náà, ni àgbà ẹlẹ́rìí tí ó ta kò ó. Evans sì ń pariwo pé Christie gan-an ni apànìyàn, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún àwọn ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Christie kò tilẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ní 1953 wọ́n bá òkú obìnrin mẹ́fà nínú ilé àti ọgbà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé òun ni òun pa ìyàwó Evans.

Ní 1966 Adájọ́ Brabin, tó ṣèwádìí ẹjọ́ náà, ní ó ṣeé ṣe kí Evans pa ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ náà. Fífún ni wọ́n fún ìyá, ọmọ àti àwọn tí Christie pa lọ́rùn: ṣé afúnnilọ́rùnpa méjì ni yóò pàdé nínú ilé kótópó kan? Ọbabìnrin dárí ji Evans lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ni, kóòtù kò fagi lé ìdájọ́ náà.