Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÒBÍ: KÍ NÍ Í SỌ ỌMỌ DI Ọ̀DARÀN?

  

 Ọ̀rọ̀ tí bàbá kan bá wa sọ ní ṣọ́ọ̀bù ni ó bí ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ó ti ka Àlùkùránì dé ìdajì lọ́dọ̀ wa, ni wọ́n bá oògùn tramadol nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin kan lálẹ́. Bàbá náà ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn mọ́lẹ̀. Ìran ìyá rẹ̀ ni ó ti bá a wá." A sọ fún un pé a kò ní í ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá gbà pé ó fa àìsàn ni yóò wá oògùn sí, nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ nípa ohun tí ń fa ìwà ọ̀daràn.

A kò tíì gbàgbé Rigasa, níhìn-ín ní Kàdúná. Ní ìparí oṣù September 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú, wọ́n sì tú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́kùnrin tí ó ju 300 lọ sílẹ̀. Irin wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àpá ẹgba sì wà lẹ́yìn àwọn mìíràn. Àwọn òbí kan ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú ọmọ wá síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì sọ pé ọ̀ràn àwọn Hausa ni. Ní oṣù November ọdún kan náà, ènìyàn 259 ni àwọn ọlọ́pàá tú sílẹ̀ ní irú ibẹ̀ ní Ojoo, n'Ìbàdàn, ilẹ̀ wa gan-an.

Ìgbàgbọ́ pé a bí ìwà ọ̀daràn mọ́ ènìyàn ti pẹ́. Oníṣègùn ará Ítálì kan, Cesare Lombroso, tẹ ìwé jáde ní 1876, ó ní àwọn kan wà tí a bí ní ọ̀daràn, àti pé àgbọ̀n wọn, etí wọn àti agbárí wọn ni a ó fi dá wọn mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Nígbà tí ó di 1913, Charles Goring gbé èsì ìwádìí rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti wọn ara ẹlẹ́wọ̀n tí ó ju 3,000 lọ, kò sì rí irú ara ọ̀daràn tí Lombroso ń sọ. Àwa Mùsùlùmí kò tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni wọn agbárí fún wa. Ànábì ti kọ́ wa pé orí ìṣẹ̀dá mímọ́ ni a ń bí gbogbo ọmọ sí, àwọn òbí ni wọ́n ń darí rẹ̀. Bàbá tí ó bá ní ìran ìyá ni ó ti wá, ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ará Ítálì mìíràn tí ó ṣáájú rẹ̀, Cesare Beccaria, kọ ọ́ ní 1764 pé ènìyàn a máa wọn èrè mọ́ ìyà kí ó tó ṣẹ̀. Ó ní kí ó dá ọ̀daràn lójú pé ọwọ́ yóò tẹ òun ni ó ń dá a dúró, ju bí ìyà náà ti le tó lọ. Àwa ọlọ́jà mọ òótọ́ èyí: ibi tí iná bá ń tàn, tí ọdẹ kò sì sùn, olè kì í fẹ́ yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti lo oògùn kì í jókòó ṣírò.

Edwin Sutherland, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1939 pé bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ ni a ṣe ń kọ́ ìwà ọ̀daràn, lọ́dọ̀ àwọn tí ó sún mọ́ wa. Ọmọ a kọ́ bí a ti ń ṣe é, a sì kọ́ àwáwí tí a fi ń dá ara ẹni láre. Ẹni tí ó bá mọ àpẹẹrẹ olóòórùn dídùn àti alágbẹ̀dẹ tí Ànábì fi ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, èyí kò ní yà á lẹ́nu. Àwọn ọmọ Sara-Suka tí ń fi ọ̀bẹ àti àdá da ìlú láàmú, kò sí ẹni tí ó dá nìkan kọ́ ọ nínú wọn.

Robert Merton ní 1938 sọ pé ìlú a máa kọ́ gbogbo ènìyàn láti fẹ́ ọrọ̀, ṣùgbọ́n kì í la ọ̀nà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àwọn kan yóò sì gba ẹ̀bùrú. Ẹ rántí Kakuri. Ilé-iṣẹ́ Kaduna Textile tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 ti ilẹ̀kùn ní 2002. UNTL náà tì í ní 2007, kí ó tó tún ṣí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàbá ni ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. (Àwọn àgbà oníbàárà ṣì ń béèrè aṣọ Kàdúná lọ́wọ́ wa.) Ọ̀pọ̀ òtòṣì ni kò jalè rí, ebi kò sì sọ olè jíjà di ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, Kálífà Umar dá ọwọ́ gígé dúró ní ọdún ọ̀dá, ọdún 18 Hijra.

Èyí tí ó kan àwa àlejò jù ni iṣẹ́ Clifford Shaw àti Henry McKay ní ìlú Chicago, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1942. Wọ́n fi àmì sí ibi tí àwọn ọmọ tí a gbé wá sí kóòtù ń gbé lórí máàpù. Àwọn àdúgbò kan náà nítòsí àárín ìlú ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà tí ń gbé ibẹ̀ ń yí padà. Àwọn ará Jámánì àti Ireland lọ, àwọn ará Pólándì àti Ítálì dé, àwọn ènìyàn dúdú tẹ̀lé wọn. Ẹ̀yà tí ó bá sì kó lọ sí àdúgbò tí ó dára, ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ wọn a dín kù. Àdúgbò tí kò sí ẹni tí ó lè bá ọmọ ẹlòmíràn wí ni ó ń so èso yẹn, ẹ̀yà yòówù kí ó wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó wá sí apá àríwá Kàdúná, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó lọ sí gúúsù odò. Ẹni tí a kò mọ̀ rí di ará ojúlé kejì. Títí di òní a ń kí ara wa ní "Sannu", a kò sì mọ orúkọ ọmọ ara wa. Bí ọmọ Hausa bá ń ṣe aburú lójúde wa, a ó dákẹ́. Bí ọmọ Yorùbá bá ń ṣe é, àwọn náà yóò dákẹ́.

Travis Hirschi ní 1969 yí ìbéèrè náà padà: kí ni kò jẹ́ kí àwa yòókù ṣẹ̀? Ó ní okùn mẹ́rin ni ó so wá mọ́lẹ̀: àwọn tí a fẹ́ràn, tí a kò fẹ́ dójú tì, ohun tí a ti ṣe làálàá fún, tí a kò fẹ́ pàdánù, iṣẹ́ tí ó gba àkókò wa, àti ìgbàgbọ́ pé òfin tọ́. A fi ọ̀rọ̀ yìí wo ọmọ náà. Ó ti kúrò ní ilé ìwé nítorí owó. Bàbá rẹ̀ a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, a wọlé lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ilé kéwú nìkan ni ó kù, àwa ni a sì já okùn ìyẹn. Ní ọjọ́ kan tí ó pẹ́ dé, a nà án níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, a pè é ní ìpáǹle. Kò padà wá mọ́. Howard Becker kọ ọ́ ní 1963 pé orúkọ tí àwùjọ bá fi lé ènìyàn lórí lè di ọ̀nà tí yóò máa rìn. A kò mọ orúkọ Becker nígbà náà, ṣùgbọ́n a mọ ojú tí ọmọ náà fi wò wá.

A lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn. Bàbá rẹ̀ san ìdajì owó fóònù náà fún obìnrin tí ó ni í, ọmọ náà ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí a ń fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Dókítà ń rí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nítorí oògùn náà. Ó ti ṣubú padà lẹ́ẹ̀kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka kéwú láti ibi tí ó dá a dúró sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń wá fún un báyìí. Télọ̀, mẹkáníìkì tàbí káfíńtà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó bá lè gbà á, kí ó jọ̀wọ́ dúró dè wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.