Má Ṣe Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá

Kíkà: Òwe 18:13, Jòhánù 7:51

Bí ìròyìn burúkú bá bọ́ sí ọjà Òmù-Àrán ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Èsìẹ́. Ǹjẹ́ o máa ń gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn?

Wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 2022, ó sá eré 100 mítà tí a ń fo igi ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, kò sí obìnrin tó sá a bẹ́ẹ̀ rí. Ní Oṣù Keje 2023, a fẹ̀sùn kàn án pé ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin oṣù 12 ni àwọn tí ń yẹ eléré ìdárayá wò nítorí oògùn wá a tì. Òfin náà dára, nítorí ẹni tó ń lo oògùn lè sá pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà kò sọ pé a bá oògùn lára rẹ̀. Ní 17 Oṣù Kẹjọ, ìgbìmọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì dá a sílẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 2024, ó tún jàre.

Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi. Orúkọ tí ẹnu bà jẹ́ lójú kan, ó ṣòro láti tún ṣe.

Ìbéèrè: Ta ni o ti dá lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀? Kí ni ìwọ yóò ṣe sí i lọ́sẹ̀ yìí?