Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: MELITA, ERÉKÙṢÙ TÍ Ó GBA ÀLEJÒ

Kíkà: Ìṣe Àwọn Aposteli 27:37–28:11

Ète: Kí a mọ ilẹ̀ Melita àti àwọn ènìyàn rẹ̀, kí a sì yẹ ara wa wò bí àwa náà ti ń gba àlejò.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Nígbà tí a ka orí yìí ní kíláàsì wa ní Malete, bàbá kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé ìlú wa náà wà nínú Bíbélì ni?" Rárá o. Erékùṣù ni Melita, ní gúúsù Sísílì, láàrin Òkun Mediteraníà. Malta ni ayé ń pè é lónìí.

1. Ilẹ̀ náà. Erékùṣù mẹ́ta ni ènìyàn ń gbé níbẹ̀: Malta, Gozo àti Comino. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà jẹ́ nǹkan bí 316 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìjọba Ìbílẹ̀ Moro, tí Malete wà nínú rẹ̀, fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kò sí odò níbẹ̀ tí ń ṣàn láti ọdún dé ọdún. Omi abẹ́ ilẹ̀, àti omi òkun tí a yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò, ni wọ́n ń mu.

2. Àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí a ka Moro ní 2006, ènìyàn 108,792 ni a rí. Nígbà tí wọ́n ka Malta ní 2021, 519,562 ni wọ́n, àjèjì sì ju ìdá kan nínú márùn-ún wọn lọ. Èdè wọn bá ti Lárúbáwá tan.

3. Ohun tí ó kàn wá. Ènìyàn 276 ni ó gúnlẹ̀ lọ́wọ́ òfo, nínú òjò àti òtútù. Luku kò sọ pé àwọn ará ibẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n mú wá. Iná ni wọ́n dá fún wọn.

Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní Malete ní 2009, àlejò ti pọ̀ láàrin wa. Ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin oníṣòwò, báwo ni a ṣe ń ṣe sí wọn? Ṣé bí ọmọ ẹni, tàbí bí ẹran tí ó já sọ́wọ́ ọdẹ? Ilẹ̀ wa fẹ̀ ju ti Melita lọ. Ṣé inú wa fẹ̀ tó tiwọn?

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni àwọn ará Melita ṣe fún àlejò wọn?
2. Àlejò wo ni ó wà ládùúgbò rẹ tí o kò tí ì kí rí?
3. Kí ni ìwọ yóò ṣe fún un lọ́sẹ̀ yìí?